Sàréè Lára Ògiri Gábàsì

Ekete, Warri
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì, ọdún 2025

Zulaykha Bàdírù,

Àsàlámù àlékún. Mo kí ọ nítorí pé ẹ̀sìn ní kí n kí ọ, kì í ṣe pé inú mi dùn sí ọ. Ara mi le. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ti rọlẹ̀ díẹ̀. Nasirudeen àbúrò rẹ wà dáadáa, òun ni yóò fi fóònù ya ìwé yìí ránṣẹ́ sí ọ bó ti máa ń ṣe. Ó ní kí n kúkú fi ohùn ránṣẹ́, mo ní rárá. Ohùn a máa bá afẹ́fẹ́ lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ lónìí, mo fẹ́ kí o rí i kà lẹ́ẹ̀kejì.

Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá lo fi àwòrán ńlá kan rán ẹni tó ń bọ̀ láti Ireland sí mi. O ní láti ibi iṣẹ́ rẹ ni, níbi tí ẹ ti ń tẹ fọ́tò sórí kánfáàsì tí àwọn òyìnbó ń gbé kọ́ sára ògiri. Mo tú u, mo rí òkúta mẹ́ta: méjì dúró, ìkẹta dùbúlẹ̀ lé wọn lórí bí àtẹ́rígbà, ojú ọ̀run sì pọ́n lẹ́yìn wọn. Inú mi dùn. Mo kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ náà fèsì, o ní, "Ẹ máa wò ó dáadáa, Bàámi." N kò mọ̀ pé o ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ògiri gábàsì nìkan ló gbà á ní pálọ̀ mi, nítorí fèrèsé wà lára àwọn yòókù. Nasirudeen gbá ìṣó, ó gbé e kọ́. Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni mo ń kọjú sí kírun. Kì í sì í ṣe èmi nìkan. O mọ̀ pé pálọ̀ mi ni ẹgbẹ́ àsàláátù wa ti ń pàdé láàárọ̀ Sọ́ńdè. Wọ́n bi mí pé kí ni èyí. Èmi ọlọ́gbọ́n orí, mo wo àtẹ́rígbà yẹn, mo ní ibi tí àwọn ará ìgbàanì ti ń kírun ni, pé ó ní láti jẹ́ àwọn èèyàn ànábì kan ló kọ́ ọ. Baba Lẹ́mọ́mù pàápàá mi orí, wọ́n ní, "Sùbúhánálláhì."

Ní Sátidé tó kọjá, mo ní kí a kun ògiri kí ààwẹ̀ tó dé. Elisha tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ará Ìlàjẹ yẹn, ló bá mi gbé àwòrán náà sọ̀. Ó yí i padà, ó fi awò sójú, ó ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó ní, "Baba Zulaykha, who give you dis thing? Na grave be dis o! Dem bury people under am, e don pass five thousand years." Mo ní irọ́ ló ń pa. Ó ní, "Baba, I be Christian, but me sef no go put grave for front dey pray."

Ṣé o gbọ́? Sàréè! Oṣù méje ni mo fi ń forí kanlẹ̀ níwájú sàréè, èmi àti àgbàlagbà bí ogún. Ohun tí Ànábì kọ̀ fún wa gan-an, inú ilé mi ni mo ti pe èèyàn wá ṣe é, mo tún ń fún wọn ní tíì mu lé e. Èmi tí mo ti ń ta dígí àti férémù lọ́jà Ìgbúdù láti ọgbọ̀n ọdún, tí n kì í gba férémù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìwo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ikán ti wọ̀ ọ́, n kò wo ẹ̀yìn èyí. Nítorí kí ni? Nítorí pé ọmọ mi ló fi ránṣẹ́.

Mo gba ilé Baba Lẹ́mọ́mù lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo jẹ́wọ́. Wọ́n ní ìrun wa gbà nítorí a kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni wọ́n ń wò mí bákan. Lọ́jọ́ kejì, ilé ẹlòmíì ni wọ́n ti ṣe àsàláátù. Mo jókòó sí pálọ̀ mi, èmi nìkan, pẹ̀lú kẹ́tùlù tíì.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ mọ̀. Nígbà tí o ń di àwòrán yìí, ṣé o mọ̀ pé sàréè ni àbí o ò mọ̀? Má yí i po fún mi.

Èmi bàbá rẹ,
Bàdírù

*

Ireland
Ọjọ́ ogún oṣù Kejì, ọdún 2025

Bàámi,

Àlékúmù sàláàmù. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Ẹ kú ìnira ẹsẹ̀, ẹ kú ìmúrasílẹ̀ ààwẹ̀. Èmi náà wà láàyè, òtútù ni kò jẹ́ ká gbádùn. Mo ti fi oògùn ẹsẹ̀ yín rán ẹnìkan, ẹ jọ̀wọ́ ẹ máa lò ó, ẹ má kó o pamọ́ bíi ti ìjelòó.

N kò ní yí i po. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé sàréè ni. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo fà á mọ́ igi, ọwọ́ mi yìí ni mo fi lẹ ìwé mọ́ ọn lẹ́yìn. Mo mọ bàbá mi. Mo ní kò sí bí àwòrán ṣe máa wọlé tí Bàámi kò ní wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní wọ́n á kà á, wọ́n á bínú, wọ́n á kọ̀wé bi mí pé kí ló dé. Oṣù méje ni mo fi ń retí ìbínú yín. Ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́hun búra, kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹ máa gbé e kọ́ sí gábàsì. Ẹ forí jì mí lórí ti ìrun. Ti ìrun nìkan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Nítorí inú ń bí èmi náà, Bàámi, ó sì ti pẹ́.

Nígbà tí Màámi kú lóṣù Kẹjọ ọdún 2021, wọ́n ti sin wọ́n kí n tó mọ̀ pé wọ́n kú. Bí ẹ̀sìn wa ti wí nìyẹn, n kò bá yín jà. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde nígbà náà, bí mo bá wá n kò ní lè padà. Mo sunkún tán, mo bẹ̀ yín fún ohun kan ṣoṣo: ẹ ya fọ́tò ibi tí Màámi wà fún mi. Ẹ ní Mùsùlùmí kì í ya fọ́tò sàréè. Mo ní ó dáa, ẹ kọ ọ́ fún mi nínú ìwé, ìlà wo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ni. Ẹ ní ilẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀. Mo tún béèrè lọ́dún tó tẹ̀lé e, àti èyí tó tẹ̀lé ìyẹn. Ẹ ní kí n máa ṣàdúà.

Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbí? Àwòrán sàréè ni mo ń tẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó wà nínú ohun tí ọjà rẹ̀ ń yá jù. Àwọn èèyàn ń ra àwòrán ibi tí wọ́n sin ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ mọ́, wọ́n ń gbé e kọ́ sókè àga tí wọ́n ti ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ogún ọkùnrin kò lè gbé òkúta òkè yẹn, àwọn ará ìgbàanì sì gbé e, kí ẹni tó ń kọjá lè mọ̀ pé èèyàn ń bẹ níbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún, Bàámi! Èmi rèé, ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ péré, n kò mọ ibi tí ìyá tó bí mi wà. Lọ́jọ́ kan mo dúró ti ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ náà gbóná lára mi, mo tẹ ọ̀kan sọ́tọ̀, mo fi ránṣẹ́ sí yín. Mo ní kí ẹ máa wò ó dáadáa. Mo sì fẹ́ kí ẹ wò ó.

Ìwé mi ti jáde lọ́dún tó kọjá. Mo lè wá sílé báyìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ̀kalẹ̀ ní Warri, níbo ni kí n lọ kí Màámi? Bí n kò bá mọ ibẹ̀, n kò wá.

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀kan kù. Nasirudeen ní ẹ ti ń pín ẹrù Màámi fún àwọn mọ̀lẹ́bí. Ẹ pín aṣọ, ẹ pín abọ́. Ẹ má fi ọlọ wọn fún ẹnikẹ́ni, àti ìyá ọlọ àti ọmọ ọlọ. Ṣakí ni wọ́n ti rù ú wá nígbà tí ẹ gbé wọn níyàwó, nítorí àwọn èèyàn sọ fún wọn pé ẹrẹ̀ ló wà ní Warri, kò sí òkúta. Èmi ni mo máa ń ta omi sí ata lójú ọlọ yẹn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi.

Ọmọ yín,
Zulaykha

*

Ekete, Warri
Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, ọdún 2025

Zulaykha,

Àsàlámù àlékún. A gba ààwẹ̀ lónìí. Ọjọ́ kìíní ààwẹ̀ lo fẹ́ kí n fi ìbínú sí ẹnu dípò sààrì. Oògùn ti dé. Mo ń lò ó, má bú mi.

O mọ̀ ọ́n ṣe! O ń fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sí mi pé o mọ̀ ọ́n ṣe! O dẹ pàkúté sílẹ̀ fún bàbá tó bí ọ, o wá ń retí ọjọ́ tí yóò fẹsẹ̀ kọ. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn ikú ìyá rẹ, ojú rẹ kò rí i. Ìwọ wà níbi tí iná kì í ti í kú. Èmi ni mo gba àlejò ọjọ́ mẹ́jọ, èmi ni mo ṣe fídáù, èmi ni mo ń sùn sórí ibùsùn tó fẹ̀ jù mí lọ. Ohùn lo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ fídáù, ìṣẹ́jú méjì. Mo ka iye ìṣẹ́jú rẹ̀.

O ní n kò sọ ibi tí ìyá rẹ wà fún ọ. Kí lo fẹ́ fi ṣe? Kí o tún tẹ̀ ẹ́ sórí kánfáàsì? Àwa kì í kọ́lé sórí òkú, a kì í to òkúta lé e bíi ti àwọn tí o ń tẹ àwòrán wọn. Èmi mọ ibi tí ìyàwó mi wà, ìyẹn sì tó. Jímọ̀-Jímọ̀ ni mo ń lọ kí i. N kò pa ọ̀kan jẹ rí, òjò ìbáà rọ̀.

Ní ti ọlọ, n kò mọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe é. Ireland tí ó jẹ́ òkúta lẹ ń tà ní àwòrán, ibẹ̀ lo fẹ́ ru ọlọ lọ? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ní òun fẹ́ ẹ. N ó rò ó.

Àwòrán rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo kọjú rẹ̀ sí ògiri. Oníbàárà tó bá kọ́kọ́ fẹnu kàn án, n ó tà á fún un, n ó sì bá a gbé e dé ibi kẹ̀kẹ́.

Ọmọ tó ní bàbá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun.

Bàdírù

*

Ireland
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, ọdún 2025

Bàámi,

Àlékúmù sàláàmù. Ẹ kú ìtúnu ààwẹ̀, Ọlọ́hun á gbà á lẹ́sìn. Mo gbé ìwé yín kalẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́ kí n má baà fi ẹnu ààwẹ̀ fèsì. Ààwẹ̀ ti tán.

Ẹ rántí pé Nasirudeen ló ń ya ìwé yín. Ó ń kà á kó tó fi ránṣẹ́. Ẹ má bá a wí, èmi ni mo fipá mú un sọ̀rọ̀. Nígbà tó ka ibi tí ẹ ti kọ Jímọ̀-Jímọ̀, ó pè mí. Ó ní, "Sister, Baba no dey enter there o. Na gate e dey stop. I don follow am three times. E go stand for gate, pray finish, turn back."

Ẹnu géètì itẹ́ òkú. Láti ọdún wo?

Ẹ bi mí ní ìbéèrè kan, ẹ ní kí n má yí i po. N kò yí i po, mo sì gba èébú tó tẹ̀lé e. Ó kàn yín báyìí. Bàámi, ṣé ẹ mọ ibi tí Màámi wà?

N kò ní kọ̀wé mọ́ títí ẹ ó fi dáhùn. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi ọlọ fún wọn.

Zulaykha

*

Ekete, Warri
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà, ọdún 2025

Àjíkẹ́,

Mo pè ọ́ ní orúkọ tí ìyá rẹ máa ń pè ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, òun ló ni ín. Àsàlámù àlékún. Iléyá ti lọ, a jẹ ẹran, a sì fún Elisha nínú rẹ̀. Ìwé yìí kò gba inú fóònù Nasirudeen kọjá. Mo fi rán ẹni tó ń padà sọ́dọ̀ yín, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu rẹ̀, nítorí alátojúbọ̀ ni àbúrò rẹ.

Mo pẹ́ kí n tó fèsì. Mo bínú sí ọ. Mo bínú sí Nasirudeen. Mo bínú sí Elisha nítorí pé ó mọ̀wé kà. Nígbà tí kò sí ẹni tó kù láti bínú sí, ó wá ku èmi.

N kò mọ̀ ọ́n, Àjíkẹ́. N kò mọ ibi tí ìyá rẹ wà.

O mọ̀ pé Ṣakí ni mo wà lọ́jọ́ tó kú, fún ìsọmọlórúkọ. Nasirudeen wà níléèwé ní Benin. Jàmáà ló wẹ̀ ẹ́, àwọn ló kírun sí i lára, àwọn ló sì sin ín. Ọjọ́ kejì ni mo wọ Warri nínú òjò tí kò dákẹ́. Mo dé itẹ́ òkú, omi ti bo gbogbo ilẹ̀, òkìtì kan kò hàn. Mo dúró ní géètì, mo ní bí omi bá fà, n ó béèrè. Omi fà, gbogbo ibẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ojú wá ń tì mí. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́? Pé èmi Bàdírù, tí mo gbé pẹ̀lú Sàdíátù fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ń béèrè ìyàwó mi lọ́wọ́ ará àdúgbò? Mo sún un di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ di ọdún. Nígbà tí o wá béèrè fọ́tò, mo sá sábẹ́ ẹ̀sìn. Irọ́ ni mo pa fún ọ. N kò ní pa á mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá, mo lọ sí Aladja. Shamsudeen tó gbẹ́ ilẹ̀ ìyá rẹ ń gbé ibẹ̀ báyìí, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe. Mo bá a lórí àkàbà níbi tó ti ń mọlé. Mo ti ń ro bí n ó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti inú ọkọ̀. Bó ṣe rí mi, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Baba, I don dey expect you since." Ọdún mẹ́rin! Inú bí mi. Mo ní kí ló dé tí kò wá bá mi nígbà náà? Ó wolẹ̀. Ó ní, "How I go take open mouth tell elder say e no know where im wife dey?"

Ó fọ ọwọ́ sìmẹ́ńtì, ó tẹ̀ lé mi wá. Mo wọ géètì yẹn. Ogójì ìṣísẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ omi, yà sí ọ̀tún, mẹ́sàn-án sí ìdí máńgòrò. Shamsudeen ní gbòǹgbò máńgòrò náà ló dí òun lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, òun fi àdá gé e, òun sì yí ilẹ̀ náà díẹ̀ sí òsì, ìdí nìyẹn tí òun kò fi lè gbàgbé. Ó fẹ́ erùpẹ̀ kúrò, ó sì fi gbòǹgbò tó gé hàn mí. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Mo sun ẹkún tó yẹ kí n ti sun láti ọdún 2021, Shamsudeen sì kọjú sí ibòmíì títí mo fi ṣe tán.

Mo bi Baba Lẹ́mọ́mù bóyá a lè fi àmì síbẹ̀. Wọ́n ní Ànábì fúnra rẹ̀ gbé òkúta kan síbi orí sàréè ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ó lè máa dá a mọ̀. Òkúta lásán, kò sí orúkọ, kò sí ilé lórí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé mo ti gbọ́ ọ rí nínú wáàsí tí n kò fẹ́ gbọ́ ọ. Àsàláátù ti padà sí pálọ̀ mi, wọ́n sì ní tíì mi ti dùn ju ti tẹ́lẹ̀.

Òkúta wo ni mo fẹ́ rí ní Warri? Èyí tí tírélà ń kó wá fún kọ́ńkéré, gbogbo rẹ̀ ló jọra. Mo padà sílé, mo wọ ilé ìdáná, mo dúró ti ọlọ. N kò tíì fún ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n mi béèrè rẹ̀.

Ìyá ọlọ ṣì wà níbi tí ìyá rẹ gbé e sí, tìrẹ ni. Ọmọ ọlọ ni mo gbé lọ sí itẹ́ òkú. Mo rì í mọ́lẹ̀ dé ìdajì síbi orí sàréè ìyá rẹ kí àgbàrá má baà gbé e.

Àwòrán rẹ kò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́. Obìnrin kan fẹ́ rà á, mo ní kì í ṣe títà. Mo ti gbá ìṣó sí ògiri tó dojú kọ gábàsì ní pálọ̀, bó tilẹ̀ bo ìdajì fèrèsé ibẹ̀. Ẹ̀yìn mi ló wà bí mo bá ń kírun, ṣùgbọ́n bí mo bá kírun tán tí mo dìde, òun ni mo kọ́kọ́ ń rí. Mo ń wò ó dáadáa.

N kò ya fọ́tò ibi tí ìyá rẹ wà, n kò sì ní yà á. Wá. Ìṣísẹ̀ tí mo kà sókè yẹn, ti arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn ni, tìrẹ kò ní tó bẹ́ẹ̀. Bí o bá ti rí máńgòrò, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí o fi ọwọ́ wá ẹ̀gbẹ́ òkúta náà lápá ọ̀tún. Ibì kan wà tó ti jẹ wọnú. Àtàǹpàkò ìyá rẹ ló jẹ ẹ́.

Bàbá rẹ,
Bàdírù